Kíjìpá Tí Wọ́n Gbé Nínú Àpótí Mi

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ní Ayétòrò ni pé wọ́n ń pè mí ní Ègùn. Èmi kì í ṣe Ègùn. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Yorùbá sì ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu lọ́jà, tí mo pe bẹntiróòlù ní ẹ́sáńsì, tàbí tí mo pe ọ̀kadà ní sẹ́mí, ẹ̀rín á bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní, ẹ wá gbọ́ ará Kútọnu. Mo kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ni ìyá ìyá mi máa ń fi rìn wá sí Ìwòyè lápá Nàìjíríà níbí láti wá kí àwọn ẹbí rẹ̀, àti pé láyé ìgbà náà ẹnì kankan kì í bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń bọ̀ wá rẹ̀ ẹ́.

Mo ti gba òmìnira iṣẹ́ aránṣọ ní Kétu kí n tó wá, ṣùgbọ́n télọ̀ pọ̀ ládùúgbò wa ju aṣọ tí wọ́n ń rán lọ. Obìnrin kan tó ń ná ọjà Ayétòrò ló sọ fún mi pé ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lórí máṣínnì. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, ìyá mi ṣí àpótí rẹ̀, ó mú kíjìpá kan jáde. Ìyá tó bí i ló hun ún nígbà tí agbára ṣì wà, òun náà ló pa á láró. Aṣọ náà wúwo débi pé òjò kì í tètè rí i là kọjá. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba etí rẹ̀ méjèèjì lọ.

Ìyá mi ní, "Èyí ni kí o máa fi bora. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sísọ́ọ̀sì kàn án."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni yóò fi sísọ́ọ̀sì kan kíjìpá?

Màmá Àkẹ́ ni orúkọ ìyá tí mo wá bá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ìgbà tí mo sì débẹ̀ ni mo tó mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í rán búbá, kì í rán ìró. Kùbùsù ló ń rán, kùbùsù àlẹ̀pọ̀. A óò gé aṣọ wẹ́wẹ́, a óò tò ó kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu, a óò rán an pọ̀, a óò ki òwú sáàárín rẹ̀ àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà a óò fi abẹ́rẹ́ gún un já láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òwú má baà máa rìn kiri nínú rẹ̀. Àjákù tí àwọn télọ̀ dànù ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn èèyàn ń kó aṣọ ìyá wọn tó ti kú wá bá a, pé kó gé e, kó sì rán kùbùsù kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ, kí ọmọ kan má baà sọ pé èkejì ló kó aṣọ tó dára lọ. Màmá Àkẹ́ máa ń sọ pé sísọ́ọ̀sì òun ti pa ìjà tí agbẹjọ́rò kò lè pa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó fi sísọ́ọ̀sì ya sányán tó jọjú, ara mi bù máṣọ. Àdùkẹ́, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ó máa mọ́ mi lára. Lóòótọ́ ó mọ́ mi lára. Mo gé àdìrẹ, mo gé dàmáàsìkì, mo gé léèsì tí òórùn kàńfọ̀ kò tíì lọ lára rẹ̀. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó ń gé tirẹ̀. Àdùkẹ́ ní léèsì ìgbéyàwó rẹ̀ nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, tó ti ń sọ pé òun fẹ́ fi rán tìmùtìmù fọ́mọ òun. Á mú un jáde, á fọwọ́ pa á, á tún dá a padà. Aṣọ kan wà tí ọkọ Màmá Àkẹ́ rà fún un kó tó kú, òun náà wà níbẹ̀ tó ń gbó bó ṣe wà ní kíká. Àwa tá a ń gé ti ẹni ẹlẹ́ni láti àárọ̀, bó bá ti kan tiwa, a ó ní ó di lọ́la.

Ó yé mi. Aṣọ tí a kò tíì gé ṣì lè di ohunkóhun. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bí èmi náà ṣe wà ní Ayétòrò nìyẹn. Mi ò tíì sọ pé mo wá gbé, mi ò sì tíì sọ pé mo ń padà lọ. Yàrá kan tí mo gbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mi ò kan ìṣó kankan mọ́ ògiri rẹ̀. Gbogbo ẹrù mi wà nínú àpótí, bíi ti ẹni tí mọ́tò fẹ́ wá gbé.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, lórí fóònù àbúrò mi. Á bi mí bóyá mò ń jẹun, màá ní mò ń jẹun. Á bi mí bóyá mo rí ẹni bá ṣeré, màá ní wọ́n pọ̀. Irọ́ ni. Lẹ́yìn Àdùkẹ́ àti Màmá Àkẹ́, kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi. Ọjọ́ kan wà tí ìyá tí mò ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé tèmi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Inú mi dùn sí gàrí yẹn bíi pé wọ́n fi mí joyè. Ìyẹn ni mo ròyìn fún ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹni pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni Bọ̀dá Gàníyù kó aṣọ ìyá wọn tó kú dé. Sìmẹ́ńtì ló ń tà nílùú, èèyàn sì ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tẹ̀ lé e wá: èkíní láti Ìlaròó, èyí àbíkẹ́yìn, Mọ́ríà, láti Ìjoun níbi tí ìyá náà kú sí. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn Mọ́ríà. Wọ́n tú ẹrù sílẹ̀, a sì ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi kan èyí tó wà nísàlẹ̀. Kíjìpá aláró ni, tó nípọn, tó ní ìlà funfun létí.

Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo ní irú èyí gan-an nínú àpótí mi."

Gbogbo wọn gbọ́. Bọ̀dá Gàníyù wò mí.

Mọ́ríà ti di kíjìpá náà mú. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n gé ìyókù kí wọ́n fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀. Bọ̀dá Gàníyù bi í pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, lọ́wọ́ ta ni yóò wà? Mọ́ríà túbọ̀ dì í mú, nítorí ìdáhùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí a gé e sí mẹ́ta, ó tán.

Bí wọ́n ti lọ, Màmá Àkẹ́ ká aṣọ náà sórí tábìlì. Ó ní òun fúnra òun ni yóò gé e. Ní ọjọ́ kejì ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní ó di lọ́la. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì lé e, ó gbé sísọ́ọ̀sì kúrò. A ti gé gbogbo ìyókù tán, òun la kàn ń dúró dè. Mi ò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ oníbàárà rí, ṣùgbọ́n mi ò bi í léèrè. Àgbà kì í ṣe ẹni à ń bi léèrè ohun tó ń fi ojú sọ pé òun ò fẹ́ sọ.

Àárọ̀ tí Bọ̀dá Gàníyù padà wá, kíjìpá kò sí lórí pẹpẹ mọ́. A tú ṣọ́ọ̀bù. A gbé máṣínnì kúrò láyè rẹ̀, a tú àpò àjákù dà sílẹ̀. Màmá Àkẹ́ ní, "Kò sí níbi tí mo gbé e sí." Ohun tó tẹnu mọ́ nìyẹn.

Bọ̀dá Gàníyù yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ní o ní irú rẹ̀, jẹ́ ká rí i."

Ẹnu ọ̀nà yàrá mi kún. Èmi fúnra mi ni mo ṣí àpótí, nítorí mo rò pé bí wọ́n bá rí i wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn. Ó fà á jáde, ó nà án sójú oòrùn, ó sì sọ pé aṣọ ìyá òun nìyí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó wo ìlà etí rẹ̀, ó ní ti ìyá òun náà ní ìlà. Mo ní ìyá ìyá mi ló hun ún ní Kétu, ó ní ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń hun ún. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá mi kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ó ṣáà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, aṣọ ọmọ mi ni. Èmi ni mo fún un."

Bọ̀dá Gàníyù kọjú sí àwọn tó dúró, ó ní, "Ìyá rẹ̀ ni. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí a jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí n mú ìwé tí mo fi wọ̀lú dání. Mi ò ní ìwé kankan ju káàdì ìdánimọ̀ ti ilé wa lọ. Etí aṣọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè wá Màmá Àkẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ ló ń wò. Mo jọ̀wọ́ aṣọ náà.

Ó kó gbogbo ẹrù wọn kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, ó ní òun yóò gbé e fún télọ̀ mìíràn.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá ọ̀tá mi. Mo dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró. Ìyá onígàrí wọ̀n ọ́n fún mi géérégé, kò sì ní kí n kí ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ránṣọ. Ìyá mi ń bẹ̀ mí kí n máa bọ̀ nílé. Mo sọ fún un pé bí mo bá wálé báyìí, olè ló wálé. Ayétòrò tí mi ò tíì pinnu bóyá mo fẹ́ gbé, ó wá di ibi tí mi ò lè fi sílẹ̀.

Òwú ló tú àṣírí náà. Àdùkẹ́ ń ki kùbùsù kan, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò òwú tuntun tó wà nígun, ọwọ́ rẹ̀ kan ohun tó le, ó fà á. Kíjìpá aláró ló jáde, òwú funfun lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìyẹ́ adìyẹ. Màmá Àkẹ́ pa máṣínnì tó ń wà, ó sì fi ìdí ìró rẹ̀ nu ojú.

Nígbà tó máa sọ ọ́, kò yí i po. Òun àti ìyá Gàníyù jọ dàgbà ní Ìjoun ni. Bí wọ́n bá sùn sóko, abẹ́ kíjìpá yẹn ni àwọn méjèèjì máa ń wà. Ó ní òun gbé sísọ́ọ̀sì lé e lójoojúmọ́, ọwọ́ òun kọ̀, òun sì fi pamọ́ pé kí òun fi rí ọjọ́ díẹ̀ sí i. Kò tí ì mọ bí òun yóò ṣe mú un jáde tí Gàníyù fi dé.

Mo ní, "Màmá, ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gba tèmi."

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ò sọ nǹkan kan."

Ó ṣa òwú kan kúrò lára kíjìpá náà, ó ní, "Inú ìlú yìí ni wọn óò sin mí sí, ọmọ mi. Ìwọ ní ilé tí o lè padà sí."

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Kò fi bú mi. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló sọ. Ó fẹ́ràn mi, ó ń fún mi ní oúnjẹ nínú ìkòkò rẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìtìjú gbọ́dọ̀ já lé ẹnì kan lórí, ó wo ẹni tó lè gbé tirẹ̀ kúrò nílùú, èmi ló sì rí.

Ó ní òun yóò rán Àdùkẹ́ lọ dá aṣọ náà padà. Mo ní rárá. Mo gbọn òwú kúrò lára rẹ̀, mo ká a, mo gbé e lé orí, mo sì gba àárín ọjà kọjá lójú ọ̀sán gangan. Mi ò fi ọ̀rá bò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo gba ìdí ẹ̀rọ omi, mo gba iwájú onígàrí. Wọ́n rí i.

Bọ̀dá Gàníyù wà níwájú ilé rẹ̀. Ó rí aṣọ náà kó tó rí mi. Mo sọ ibi tí wọ́n ti rí i fún un, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ó nà án sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà etí rẹ̀. Ìlà yẹn nípọn ju tèmi lọ, èèyàn kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Ohun tí mò ń retí ni kó wọlé lọ gbé tèmi wá. Kò dìde.

Ó ní, "Ẹ jókòó." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Wọ́n ti gé e. Télọ̀ ti gé e sí mẹ́ta."

Ó wọlé, ó mú ìpín tirẹ̀ wá. Wọn kò tíì rán an mọ́ nǹkan kan. Etí ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà ti ń tú, òwú aláró rẹ̀ ń já bọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa. Bọ̀dá Gàníyù tẹríba, ọkùnrin tó tó bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó gbé kíjìpá ìyá rẹ̀, odindi, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n máa mú un lọ dípò tèmi.

Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi lọ sí i. Aró kan náà ni, ìwúwo kan náà. Bí mo bá fi bora, mi ò rò pé ara mi lè mọ ìyàtọ̀. Mo gbé e, mo sì dá a padà fún un.

Mo ní, "Ti ìyá yín ni, bọ̀dá. Ẹ bá mi gba ìyókù tèmi."

Ìpè tí mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà ló nira jù nínú gbogbo ìpè tí mo ti pè láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gé e. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan ní àgbàlá wa, mo gbọ́ tí àbúrò mi ń béèrè pé kí ló dé. Mo ń dúró kó sunkún.

Ó ní, "Ṣé etí rẹ̀ ti ń tú?"

Mo ní ó ti ń tú.

"Tètè ká etí rẹ̀ kí o rán an. Kíjìpá kì í dúró deni."

Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo sọ fún un pé mo ti ní ibi tí mo fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́bàá ọ̀nà kámpọ́ọ̀sì yunifásítì. Nígbà tí mo ń sọ ọ́ ni èmi náà gbọ́ ọ.

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Àkẹ́. Ó rán èèyàn wá bẹ̀ mí, òun náà wá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní omi, mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mi ò padà. Ibi tí mo gbà kò fẹ̀ ju ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, mo fi ṣòkòtò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ya. Mo kan ìṣó mọ́ ògiri ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti yí ìlú po, àwọn kan sì wá nítorí ojú tì wọ́n. Mo rán tiwọn náà.

Ìpín àbúrò Bọ̀dá Gàníyù tó wà ní Ìlaròó dé. Mo ká etí àwọn méjèèjì, òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo fi àyè èyí tó kù sílẹ̀. Kò dé. Mo ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Gàníyù, ó ní òun ti sọ fún Mọ́ríà. Òjò bẹ̀rẹ̀, ìpín Mọ́ríà kò tíì dé. Mo ti ń rò ó pé bóyá màá wá nǹkan mìíràn dí àyè náà, tí mo bá gbójú sókè, tábìlì á máa wò mí.

Ọjọ́ ọjà kan ni Mọ́ríà yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti rìn gba ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Kíjìpá mi ló fi pọn ọmọ.

Kò jókòó. Ó ní nígbà tí wọ́n fún òun, òun mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe ti ìyá àwọn, nítorí kò ní òórùn rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n òun. Òun wá ń fi pọn ọmọ, ọmọ náà tó jẹ́ pé kì í sùn tẹ́lẹ̀, ó ń sùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́."

Ó wo ojú mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ọmọ náà ti sùn, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Èèyàn rere ìbá ní kó máa mú un lọ.

Mo fa ìró kan tó dára jáde nínú tèmi, mo fún un. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo gba ọmọ mọ́ra nígbà tó ń tú aṣọ náà. Ó tú u tán, ó ká a dáadáa kó tó nà án sí mi. Ọmọ kò jí. A fi ìró mi pọ̀n ọ́n padà, Mọ́ríà dúpẹ́, ó bọ́ sí ọ̀nà.

Aṣọ náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sídìí máṣínnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí rẹ̀ kó tó tutù.